Ọwọ́ Tí Yóò Wẹ Ọmọ

Ọjọ́ tí mo sọ fún ìyá mi pé mo ti lóyún, ó bu gàrí tó wà nínú agbada sílẹ̀, ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ọjà Ṣakẹ́tẹ́ lọ. Nígbà tó padà dé, bàsíà aláwọ̀ ewé kan ló gbé rù. Kànrìnkàn tuntun wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi ewé wé, àti òrí nínú ike kékeré.

"Gbé e lọ sílé ọkọ rẹ ní Pọ́bẹ̀," ó ní. "Ẹnì kan ò gbọdọ̀ bu omi sí i títí n ó fi dé."

"Ìyá mi, oyún ọ̀hún ò tíì pé oṣù mẹ́ta."

"Ṣé mo ní kó o bí i lónìí ni? Gbé bàsíà rẹ, Ìyá Àfáà."

Ìyá Àfáà ló máa ń pè mí láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú. Ó máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òun gan-an ló fà mí lọ́wọ́ lọ sí ilé kéú nígbà tí mo wà ní kékeré, tó ń fi gàrí san oore fún àfáà tó kọ́ mi. Ọmọ mẹ́rin ló bí. Èmi nìkan ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún un. Ọdún mẹ́fà ni mo sì ti lò nílé ọkọ kí oyún náà tó dé.

Ìyá tó bí ìyá ọmọ ló ni ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Òun ni yóò jókòó lórí àpótí, tí yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì, tí yóò tẹ́ ọmọ sí ojúgun rẹ̀, tí yóò fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tẹ̀ ẹ́ lórí, tí yóò nà án lápá, tí yóò nà án lẹ́sẹ̀. Ìyá mi ti wẹ ọmọ fún ìdajì àdúgbò wa ní Ṣakẹ́tẹ́. Bí wọ́n bá kí i kú iṣẹ́, á ní, "Mo ń fi tiyín kọ́ṣẹ́ ni. Tèmi ń bọ̀." Tirẹ̀ ti wá ń bọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n nígbà tó fi ń ra bàsíà yẹn, ọwọ́ tó fẹ́ fi wẹ̀ ẹ́ ti ń ṣàìsàn.

Ní ìgúnpá ló ti bẹ̀rẹ̀, ní ọdún tó ṣáájú oyún mi. Ojú ibẹ̀ nípọn, ó dúdú bí ibi tí iná ti jó, nǹkan funfun sì ń ṣí lórí rẹ̀ bí èèpo àlùbọ́sà. Làpálàpá ni gbogbo ènìyàn pè é. Ó ra pòmáàdì lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó ń ti Nàìjíríà wá, ó ra ọ̀kan, ó ra òmíràn. Bó bá fi para, á rọlẹ̀. Bó bá dáwọ́ dúró, á padà wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó dé orókùn, ó dé orí lábẹ́ gèlè, ó wá bọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ àti àtẹ́lẹwọ́. Ihò wẹ́wẹ́ yọ lára èékánná rẹ̀ bí ìgbà tí kòkòrò bá jẹ àgbàdo.

Ọwọ́ ẹni tó ń ta gàrí sì ni gbogbo ènìyàn ń wò. Oníbàárà kan tó ti ń rajà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí èmi ò tíì mọ ọ̀nà ọjà gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó rí ọwọ́ tó fẹ́ wọn gàrí fún un, ó ní òun gbàgbé nǹkan nílé. Kò padà wá.

Mo mọ̀ nípa ti oníbàárà yẹn. Ti mọ́sálásí ni mi ò mọ̀. Ó sọ fún mi pé òun ò lè rìn dé ibẹ̀ mọ́ nítorí orókùn. Mo gbà á gbọ́, torí pé orókùn rẹ̀ náà kò dá.

Nígbà tí oyún mi wọ oṣù kẹrin, ó wá kí wa ní Pọ́bẹ̀. Ọkọ mi ò sí nílé; ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà ní Onígbólò, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ńtì. Ìyá ọkọ mi ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin náà ti ta epo pupa fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohùn rẹ̀ ò sì mọ bí a ṣe ń rọlẹ̀.

"Àna mi! Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ jẹ́ n bá yín gbé ẹrù."

Ó na ọwọ́, ó rí ọwọ́ àna rẹ̀, ọwọ́ tirẹ̀ sì dúró sójú ọ̀nà. Ìyá mi rọra gbé ẹrù náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nígbà tí mo wọ ilé ìdáná lọ, ìyá ọkọ mi tẹ̀ lé mi. Ó rò pé jẹ́jẹ́ lòún ń sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó mi, ìyá ẹ ni, mi ò fẹ́ wí. Ṣùgbọ́n báyìí ni ẹ̀tẹ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀."

"Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, Ìyá."

"Ta ló sọ fún ẹ? Kéú ọ̀hún ni? Kéú ò ṣe lọ́pítáálì. Ọwọ́ yẹn kọ́ ni yóò wẹ ọmọ ọmọ mi."

Pákó ni ògiri ilé ìdáná wa. Nígbà tí mo jáde, ìyá mi ti wé ìborùn rẹ̀ mọ́ ọwọ́ méjèèjì. Ó mu omi tí mo gbé fún un tán, ó ṣàdúrà fún wa, ó sì gun alùpùpù padà sí Ṣakẹ́tẹ́ kí ìrun ìrọ̀lẹ́ tó tó.

Mo lọ bá a lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti rí i, ó jókòó ti garawa omi kan tí èéfín ń jáde lórí rẹ̀. Ó ti bó ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́ta, ó fi omi rẹ̀ pa ọwọ́, ó ń fi ògbólógbòó kànrìnkàn ha á. Ẹ̀jẹ̀ wà lára kànrìnkàn náà.

"Ìyá mi! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo ń fọ̀ ọ́," ó ní, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ abọ́. "Mo fẹ́ kó mọ́ kí ọmọ tó dé. Láti ìgbà tí mo ti dé láti Pọ́bẹ̀ ni mo ti ń fọ̀ ọ́ ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Mi ò mọ ìdí tó fi ń pọ̀ sí i."

Mo gba kànrìnkàn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo mú un lọ sí lọ́pítáálì ní Pọ́bẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin ni dókítà tó gbà wá, ọmọ Àjàṣẹ́, tí Yorùbá rẹ̀ ń fì sí èdè Gun díẹ̀díẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó gba ọwọ́ ìyá mi méjèèjì sínú tirẹ̀, ó yí wọn sókè, ó yí wọn sílẹ̀. Ìyá mi ò wo ojú dókítà. Ọwọ́ tó di tirẹ̀ mú ló ń wò. Dókítà gé awọ bíńtín, ó fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, ó ní ká padà wá.

Nígbà tí a padà wá, ó ní, "Màmá, kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Kì í sì í ràn. Ẹni tó wù yín ni kí ẹ bọ̀ lọ́wọ́."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Pisoríásì ni wọ́n ń pè é lédè Faransé."

"Àìsàn yìí ti burú tó, wọ́n tún fún un ní orúkọ tí ẹnu ò lè pè. Ta ló fi ṣe mí?"

"Ara yín fúnra rẹ̀ ni, Màmá."

Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ wa. Ó ní Ọlọ́run fi àwọn ẹ̀ṣọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ wa, tí wọ́n ń ṣọ́ wa lọ́wọ́ ohun tó lè pa wá lára. Wọn kì í gbé ojú kan. Bí ọ̀kan bá rí ọ̀tá, á ránṣẹ́ sí èkejì, èkejì á ránṣẹ́ sí ẹ̀kẹta, títí gbogbo wọn yóò fi pé. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ọ̀kan á ké gbàjarè, kò sì sí ọ̀tá. Àwọn tó gbọ́ ò ní mọ̀. Àwọn náà á gbé igbe ọ̀hún lọ síwájú.

"Bíi ti Ìta-Ìjẹ̀bú!" ni ìyá mi wí.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Ìta-Ìjẹ̀bú?"

Abúlé tí wọ́n bí i sí nìyẹn, mi ò sì gbọ́ ìtàn náà rí. Ó ní nígbà ọyẹ́ kan, tí òun ṣì jẹ́ ọmọdé, ẹnì kan rí èéfín lọ́ọ̀ọ́kán, ó pariwo pé iná ti mú oko. Ẹni tó wà ní oko kejì gbà á, ó pariwo, ti oko kẹta náà gbà á. Gbogbo ọkùnrin abúlé fa màrìwò àti àdá yọ, wọ́n sáré gba àárín oko bàbá òun kọjá. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, arúgbó kan ló ń se ẹyìn.

"Iná ò sí," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ̀wà bàbá mi, wọn ò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀."

Dókítà lu tábìlì. "Màmá, ẹ ti gbà á lẹ́nu mi! Awọ yín ni oko ẹ̀wà yẹn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń tẹ̀ ẹ́, òun náà wá ń sáré. Awọ tó yẹ kó lo bí oṣù kan kó tó pàrọ̀ ara rẹ̀ ń fi ọjọ́ díẹ̀ ṣe é, tuntun ń ti ògbólógbòó jáde. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣí. Bí ẹ bá wá fi kànrìnkàn ha á, ẹ tún ké iná sí i nìyẹn."

Ìyá mi fojú wá mi. Mo wo ilẹ̀; èmi ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ kànrìnkàn náà fún dókítà.

"Báwo lẹ ṣe máa pa àwọn tó ń pariwo lẹ́nu mọ́?" ó bi í.

Dókítà ní oògùn oríṣi méjì ló wà. Èyí tó ti pẹ́ jẹ́ oògùn oníhóró. Ó ń sọ fún gbogbo ẹ̀ṣọ́ pé kí wọ́n rọra. Èyí tó jẹ́ tuntun jẹ́ abẹ́rẹ́. Kì í bá gbogbo ẹ̀ṣọ́ wí. Ońṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń wá, èyí tó ń gbé igbe yẹn dé ọ̀dọ̀ awọ, á sì dì í mú lójú ọ̀nà kó tó jíṣẹ́. Ó ní abẹ́rẹ́ náà wọ́n gógó, kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ká fi oníhóró bẹ̀rẹ̀.

Ó na ìka sí mi. "Ẹ̀yin, ẹ má fọwọ́ kan oògùn yìí. Kò dára fún aboyún. Màmá nìkan ni yóò máa tọ́jú rẹ̀." Ó kọjú sí ìyá mi. "Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni o. Kì í ṣe ojoojúmọ́ o. Ẹ yan ọjọ́ kan tí ẹ ò lè gbàgbé láéláé, kí ẹ máa lò ó lọ́jọ́ yẹn."

"Mo ti yàn án," ni ìyá mi wí.

Dókítà ò bi í pé ọjọ́ wo. Èmi náà ò bi í. Nínú ọkàn mi, mo mọ̀ pé Jímọ̀ ni. Ọjọ́ wo ni mùsùlùmí tún fẹ́ rántí ju Jímọ̀ lọ?

Lóṣù àkọ́kọ́, inú rẹ̀ ń dùn lórí fóònù, ó ní èèpo náà ti ń dín kù. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ó ní ó rẹ òun díẹ̀ ni. Ikùn mi ti tóbi, ọ̀nà Ṣakẹ́tẹ́ sì kún fún kòtò, ni mo fi ń sọ pé ọ̀la, ọ̀la. Lọ́jọ́ tí mo wá lọ, orí ẹní ni mo bá a. Ètè rẹ̀ ti bó. Nígbà tó la ẹnu láti kí mi, mo rí egbò lórí ahọ́n rẹ̀ àti nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò lè gbé nǹkan mì láti ọjọ́ mẹ́ta.

"Oògùn yín ńkọ́, Ìyá mi?"

"Mò ń lò ó bí ọmọ yẹn ṣe wí. Mi ò fo ọjọ́ kan rí." Ó na ọwọ́ sí abẹ́ ìrọ̀rí. "Ó ti tán. Mo fẹ́ sọ fún ẹ kó o bá mi gba òmíràn."

Kò yẹ kó tíì tán. Dókítà fún un ní èyí tó yẹ kó lò títí oṣù tó ń bọ̀.

"Ọjọ́ wo lẹ fi ń lò ó?"

"Ọjọ́ ọjà."

Mo jókòó lórí ilẹ̀. Ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà tó ń kó gàrí lọ. Gbogbo ayé rẹ̀ ló ti fi ọjọ́ ọjà ka nǹkan: ìgbà tí yóò hú ẹ̀gẹ́, ìgbà tí yóò rin ín, ìgbà tí yóò yan án. Kódà lẹ́yìn tí àwọn oníbàárà ti kọ̀ ọ́, ó ṣì mọ ọjọ́ tí ọjà bọ́ sí. Ọ̀sẹ̀ dókítà ò tíì pé ni ọjà ti ń dé, tí ó sì ń gbé oògùn mì.

"Kí ló dé tí ẹ ò fi Jímọ̀ ṣe é?" Ohùn mi ti le ju bó ti yẹ lọ.

"Mi ò mọ ìgbà tí Jímọ̀ ń dé mọ́, ọmọ mi."

Ìgbà yẹn ló tó sọ ti mọ́sálásí fún mi. Jímọ̀ kan, wọ́n tò láti kírun, ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀, èjìká sí èjìká. Obìnrin tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ sún kúrò díẹ̀. Èyí tó wà lápá òsì náà sún kúrò díẹ̀. Ó ní àlàfo náà tó ibi tí ọmọ méjì lè jókòó sí. Ó kírun rẹ̀ parí, ó ká ẹní rẹ̀, ó sì ń kírun nílé láti ìgbà náà.

"Mi ò sọ fún ẹ," ó ní, "torí pé ìwọ lò ń kọ́ ọmọ àwọn ènìyàn ní ìrun. Mi ò fẹ́ kó o bínú sí àwọn obìnrin yẹn."

Lọ́jọ́ náà gan-an la gbé e lọ sí lọ́pítáálì ní Pọ́bẹ̀. Dókítà gbọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ ọjà, ó fi ọwọ́ nu ojú. "Èmi ni mo jẹ̀bi," ó ní. "Mo ní kí ẹ yan ọjọ́, mi ò béèrè èyí tí ẹ yàn." Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n fún un ní oògùn tó ń gbógun ti èyí tó pọ̀ jù lára rẹ̀, wọ́n sì dá a dúró. Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé bí a bá fi ọjà kan tàbí méjì pẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ ì bá ti yàtọ̀. Mo wólẹ̀ síbi tí mo dúró sí, pẹ̀lú ikùn mi, mo fi iwájú orí kan sìmẹ́ńtì, mo dúpẹ́.

Ìyá ọkọ mi ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un, nítorí pé èmi ò lè rìn lọ rìn bọ̀ mọ́. Mo bá wọn níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ tútù sí ìyá mi lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbóná.

"Dókítà," ó pè é bó ti ń kọjá, "ẹ tún un sọ kí etí mi gbọ́. Kì í ràn?"

"Kì í ràn, Màmá. Kò ràn yín láti àná, kò ní ràn yín lónìí."

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Àna mi, ọ̀rọ̀ tí mo sọ nínú ilé ìdáná lọ́jọ́sí… Ṣé ẹ gbọ́?"

"Ọ̀rọ̀ wo?" ni ìyá mi wí. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹnu tó ń dùn ún. "Àna, gbogbo Pọ́bẹ̀ ló gbọ́."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń sunkún. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sínú ìyá mi, ó ti jókòó.

Mo bí ọmọbìnrin, àlàáfíà ara rẹ̀ pé. Ìyá mi ti jáde ní lọ́pítáálì nígbà náà, egbò ẹnu rẹ̀ ti jinná, ṣùgbọ́n wọ́n ti dá oògùn náà dúró, ọwọ́ rẹ̀ sì ti padà sí bó ṣe wà. Ó wá fún ìkómọ ní ọjọ́ kẹjọ. Ó gbọ́ orúkọ tí àfáà pe ọmọ, ó ṣe àmín ju gbogbo ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ìborùn ní gbogbo àkókò náà. Mo gbé ọmọ sún mọ́ ọn. Ó tẹ orí ba, ó fi imú fa òórùn rẹ̀, kò na ọwọ́.

"Àna mi, bàsíà yín rèé," ni ìyá ọkọ mi wí. "Omi ti lọ́wọ́ọ́rọ́. Ẹ wá ṣiṣẹ́ yín."

"Ẹ bá mi wẹ̀ ẹ́. Èmi á wẹ̀ ẹ́ nígbà tí ọwọ́ mi bá mọ́."

"Dókítà ní kì í ràn!"

"Mo gbọ́. Ṣé tórí pé kì í ràn ni n ó fi ha ọmọ lára? Nígbà tó bá mọ́."

Kò sí ẹni tó lè yí i lọ́kàn padà. Ìyá ọkọ mi wẹ ọmọ náà nínú bàsíà àtijọ́ tí a fi ń fọ aṣọ. Mo ti ti aláwọ̀ ewé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, kànrìnkàn àti ọṣẹ ṣì wà nínú rẹ̀. Bí mo bá gbálẹ̀, ìgbálẹ̀ mi á kan án. Ọdún mẹ́fà ni mo fi bẹ Ọlọ́run fún ọmọ. Ó dá mi lóhùn. Lẹ́yìn gbogbo ìrun, mo wá ń bẹ̀ Ẹ́ fún awọ ọwọ́ méjì. Ojú máa ń tì mí díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fún ní iṣu tó tún ń tọrọ epo. Ṣùgbọ́n àfáà tó kọ́ mi máa ń sọ fún wa pé kò sí àìsàn tí Ọlọ́run dá tí kò dá oògùn rẹ̀, pé àwa ni a kì í mọ ibi tó fi í sí.

Kútọnu ló fi tiwa sí. Ọmọ mi ti lé ní ogójì ọjọ́ nígbà tí dókítà pè. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní lọ́pítáálì ńlá níbẹ̀ ti rí abẹ́rẹ́ tuntun yẹn gbà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìwọ̀nba àwọn tí oògùn oníhóró kò bá lára mu. Ó ti sọ̀rọ̀ obìnrin oko ẹ̀wà fún un.

Wọn ò fún ìyá mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n yẹ àyà rẹ̀ wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò. Dókítà ní bí a bá fẹ́ dí ońṣẹ́ kan lọ́wọ́, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé olè kankan ò sùn sínú àká. Kò sí olè. Àwọn ìyá méjèèjì ló jọ ń lọ sí Kútọnu, wọ́n jọ ń fún mọ́ra lẹ́yìn takisí, wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn lórí iye ata tó wà nínú ọbẹ̀ tí wọ́n jẹ lójú ọ̀nà.

"Nígbà wo ni ti èkejì?" ni ìyá mi bi olùtọ́jú tó gún un. "Àbí kí n tún fi ọjọ́ ọjà kà á?"

Ìyá ọkọ mi ló sọ fún mi pé dókítà ibẹ̀ fúnra rẹ̀ sáré jáde nínú yàrá rẹ̀. Wọ́n kọ gbogbo ọjọ́ náà sílẹ̀ fún un, wọ́n sì fi nọ́ńbà mi sí i pẹ̀lú.

Ìgbálẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀. Láràárọ̀, ìyá mi máa ń gbá èèpo funfun kúrò lórí ẹní rẹ̀. Ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Mo gbá yàrá. Mi ò rí nǹkan kan." Mo rò pé wọ́n jí nǹkan rẹ̀ ni. Ó ní, "Rárá, Ìyá Àfáà. Ilẹ̀ ló mọ́." Lẹ́yìn náà ni ojú awọ rọ̀, ó di pẹlẹbẹ, ó ku àmì tó fẹ́ pupa díẹ̀, bí ibi tí aṣọ ti ṣí. Dókítà ò tàn wá jẹ. Ó ní igbe yẹn ò kúrò nínú ara, ńṣe ni a dí i lójú ọ̀nà. Bí abẹ́rẹ́ bá dúró, ó lè padà. A ò mọ ìgbà tí ọ̀fẹ́ yóò parí. Ohun tí Ọlọ́run fún wa lónìí là ń dúpẹ́ lé lórí.

Ọmọ ti ń fi ẹ̀gbẹ́ yí nígbà tí ìyá mi tún wá sí Pọ́bẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ìyá ọkọ mi ò jẹ́ kó jókòó, ó ní kó wá ká lọ sí mọ́sálásí. Mo dúró lẹ́yìn wọn nínú ìlà obìnrin, ọmọ wà lẹ́yìn mi. Mo rí ìyá mi tó fẹ́ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹlòmíràn tó fi í sílẹ̀ fún un. Ìyá ọkọ mi wo ilẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ gbàǹgbà rẹ̀, ó fi í lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ìyá mi títí ìka kékeré méjèèjì fi pàdé. Mi ò rántí ohun tí lémọ́mù kà lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí a délé, ìyá ọkọ mi gbé omi kaná. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ba, tó fa bàsíà aláwọ̀ ewé jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó fi aṣọ nu eruku rẹ̀.

"Àna, ìbàdí ń ro mí. Mi ò lè tẹ̀ mọ́."

"Àná lẹ wẹ̀ ẹ́ tí ìbàdí ò ro yín."

"Òní ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó sórí àpótí."

Ìyá mi jókòó. Ó na ẹsẹ̀. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ó ń wò ó. "Ó ku ibì kan," ó ní. Lóòótọ́ ni. Nídìí àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀, ibi kékeré kan ṣì wà tó nípọn, kò ju kóró ẹ̀wà kan lọ. "Ẹ jẹ́ kí eléyìí náà lọ ná."

"Ṣé àtàǹpàkò nìkan lẹ fẹ́ fi wẹ̀ ẹ́ ni?"

Kí ìyá mi tó dáhùn, ìyá ọkọ mi ti gbé ọmọ lé ojúgun rẹ̀, ó sì ti yí ẹ̀yìn padà. Ọmọ náà fẹ́ yọ̀. Ọwọ́ ìyá mi méjèèjì bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì dì í mú.

Ó bu omi, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ ọ wò. Mo na kànrìnkàn tó ti rà láti ìgbà oyún oṣù mẹ́ta sí i. Ó gbà á, ó fún un lọ́wọ́, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Eléyìí le jù," ó ní. "Dókítà ní ọwọ́ lásán ló dára."

Dókítà ò sọ ohunkóhun nípa ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ló wí, mo wà níbẹ̀," èmi náà sì dákẹ́.

Ó ha ọṣẹ dúdú díẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ hó o, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ó wẹ ẹ̀yìn etí, ó wẹ ọrùn, ó ya ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó nà án lápá, ó nà án lẹ́sẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mú, ó gbé e sókè pẹ́ẹ́rẹ́. Ọmọ náà wò ó láti òkè wá, ó sì tọ̀ sí i láyà.

"Áà!" ni ìyá ọkọ mi kígbe. "Ó ti san owó ìwẹ̀ tó jẹ wá láti ọjọ́ kẹjọ!"

Ìyá mi ò nu aṣọ rẹ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀," ó ní. "Ẹ bá mi bu omi sí i. Mi ò tíì wẹ̀ ẹ́ tán."